Ẹni Kọkànlélógójì

Iṣẹ́ mi nìyí ní Saskatúùnù:
mo ń jókòó nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé
ní yunifásítì, lọ́dọ̀ àwọn tó ń wádìí ìrònú ẹ̀dá,
aago lọ́wọ́ ọ̀tún, bírò lọ́wọ́ òsì,
mo ń wo àwọn àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń ṣàṣìṣe.

Ìgò mẹ́fà ló wà lórí tábìlì.
Kò sí oògùn nínú wọn, súìtì kéékèèké ni.
"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó ti àárọ̀ sí apá kan,
ẹ kó ti alẹ́ sí apá kejì."
Lẹ́yìn náà, n ó pa ẹnu mọ́.
Pípa ẹnu mọ́ wà nínú ìlànà,
Ọ̀jọ̀gbọ́n Kowalchuk fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ṣòro fún ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Ìkìrun
láti rí àgbà tó ń ṣìnà
kó má lè wí pé: Bàbá, ẹ yà sọ́tùn-ún.

Ẹni kọkànlélógójì dé nínú oṣù kìíní,
lọ́jọ́ tí òtútù ń gé etí bí abẹ.
Àgbẹ̀ ni. Àádọ́ta ọdún ló fi gbin wíìtì.
Orúkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọnú ìwé;
mo mọ̀ ọ́n, n kò ní pè é níhìn-ín.
Ó gbé ìgò súnmọ́ imú, ó tún gbé e jìnnà,
bí ẹni tó ń ná ọjà lọ́wọ́ ojú ara rẹ̀.
Òógùn bọ̀ ọ́
níwájú oògùn tí kì í ṣe oògùn.
Ó kó oògùn oorun sí ti àárọ̀.
Ó rí bírò mi.
"Má kọ ìyẹn," ló wí, jẹ́jẹ́,
"bí ọmọ mi obìnrin bá gbọ́,
yóò gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ mi."

Mo kọ ọ́.

Ìgbà tó parí ni mo tó láṣẹ láti wí pé,
"Sà, kì í ṣe ẹ̀yin la ń dán wò.
Bébà ara ìgò la ń dán wò."
Ó wò mí títí.
"Ṣé bébà ló wá gba òdo?"
"Bébà ló gba òdo, sà."
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e,
ó ka ogún dọ́là rẹ̀, ó dé fìlà onírun, ó lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, Màámi lórí fóònù:
"Iṣẹ́ wo gan-an lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"
Mo ṣàlàyé.
"Wọ́n ń sanwó fún ìyẹn?
Èmi tí mo ti ń wo àṣìṣe bàbá rẹ láti ogójì ọdún,
ta ló san kọ́bọ̀ fún mi?"

Igba ènìyàn ó lé méjìlá la wò.
Nínú àwòrán ìṣirò, bàbá àgbẹ̀ di àmì róbótó kan,
ó dá dúró lókè
bí ẹyẹ tí àwọn yòókù ti fò fi sílẹ̀.

Ọdún méjì kọjá. Mo lọ ra oògùn ikọ́
ní ṣọ́ọ̀bù kan ní òpópónà Kẹjọ.
Wọ́n fún obìnrin tó ṣíwájú mi ní ìgò méjì:
oòrùn ńlá lára ọ̀kan, òṣùpá lára èkejì.
Kò wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ó sọ wọ́n sínú báàgì,
ó ń ráhùn pé ẹyin ti wọ́n.
Ó ṣe mí bíi kí n fọwọ́ kàn án léjìká,
kí n ní, ojú ti ẹnìkan láàárọ̀ ọjọ́ kan
kí òṣùpá yẹn tó débẹ̀.
Mo pa ẹnu mọ́. Ó ti mọ́ mi lára.

Inú agolo sàdíìnì ni oògùn Màámi ń gbé.
Wọ́n ní kí n ya tèmi ránṣẹ́, mo fi bírò yà á.
Wọ́n ní òṣùpá mi jọ ọ̀gẹ̀dẹ̀.
Wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ agolo.
Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀ bá ti ṣú nílé wa,
bàbá mi á kígbe láti yàrá:
"Ẹ bá mi mú ti ọlọ́gẹ̀dẹ̀ wá."