Ọjọ́ Tí Afẹ́fẹ́ Gba Káàdì Lọ́wọ́ Wa

Àwa méje la jáde láàárọ̀ Sátidé yẹn,
a ò pé mẹ́jọ mọ́ láti ìgbà tí Arówólò ti papòdà.
Fápohùndà wà níbẹ̀, tó fẹ̀yìn tì ní báǹkì,
Dókítà Ọmọ́nírè, aléyínsọ̀rọ̀ bí ẹni ń tọ́jú eyín,
Kọmọláfẹ́ tó ń ta páànù ní Òkèsà,
àwọn mẹ́ta mìíràn tí wọn ò ní fẹ́ kí n dárúkọ wọn,
àti èmi, tísà ìṣirò
tí kì í ka iye ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù láìgbàgbé méjì.

Afẹ́fẹ́ ti jí ṣáájú wa.
Ọyẹ́ ku díẹ̀ kó fi Iléṣà sílẹ̀, ó ń kó ẹrù,
ó ń gbá ilẹ̀kùn gbogbo mọ́ fírémù
bí ayálégbé tí wọ́n lé láìdá owó rẹ̀ padà.

Pápá tiwa kò ní koríko lẹ́nu ihò.
Yanrìn ni, tí a fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àlòkù pò,
buráùn là ń pè é;
bí o bá tẹ̀ ẹ́, bàtà rẹ á máa rùn bíi ti mẹkáníìkì dọ̀la.

Fápohùndà ló kọ́kọ́ gbá.
Ó yasẹ̀, ó midìí lẹ́ẹ̀mẹta gẹ́gẹ́ bí àṣà rẹ̀,
ó nà án: pàú!
Bọ́ọ̀lù gòkè, ó ga, a ń yìn ín,
ọwọ́ tá a fi bojú oòrùn ò tíì sọ̀ kalẹ̀
tí afẹ́fẹ́ fi yí i lọ́rùn,
ó gbé e kọjá lórí ẹni tó rán an níṣẹ́,
ó jù ú sẹ́yìn wa.
Jímọ̀ tó ń bá wa ru àpò wo ilẹ̀.
“Dádì, ó dà bíi pé ilé ló ń lọ.”

Ní ihò kẹrin ni fìlà Dókítà fò
wọ oko ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá.
Obìnrin kan nàró láàárín ebè,
ó fún un ní fìlà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́,
ó wá tú etí ìró:
bọ́ọ̀lù mọ́kànlá, funfun gbòò, tiwa ni gbogbo wọn.
Ó ní ọ̀ọ́dúnrún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Ìjẹ̀ṣà ni òun, Ìjẹ̀ṣà ni wá;
a ná an títí erùpẹ̀ fi kún wa lẹ́nu.
A ra ohun ìní wa padà, a tún dúpẹ́.

Ihò keje.
Ọ̀pá Arówólò ló wà lọ́wọ́ mi,
ìyàwó rẹ̀ ló ní kí n máa lò ó, kó má baà dípata.
Bàbá mi ta aṣọ láwìn dé Ìkàrẹ́,
a máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè
títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní jókòó, kò ní mumi.
Èmi náà lóṣòó síwájú ihò,
mo ń wo ojú ọ̀nà bọ́ọ̀lù,
mo ń dúró kí afẹ́fẹ́ san ìdákẹ́jẹ́ tó jẹ mí.
“Tísà, dìde, oòrùn ti ń le!”
N ò dá wọn lóhùn.

Ó dákẹ́ lóòótọ́.
Mo gbọ́ ẹ̀rọ tó ń lọ ata ní Ìmọ̀,
mo gbọ́ èémí Fápohùndà,
àsíá sì rọ̀ mọ́ igi rẹ̀ bí aṣọ tí òjò pa.
Mo tì í díẹ̀. Ó yí, ó yí, ó dé etí ihò,
ó dúró, ó ń yọjú wo ìsàlẹ̀.
Ìgbà yẹn ni afẹ́fẹ́ padà dé, ó fi ìka kan tì í wọlé.

Ariyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀.
Ta ló gbá a wọlé? Dókítà ní òfin wà.
Kọmọláfẹ́ ní kí a ṣí káàdì wò,
ó ṣí i,
méjèèje sì gbéra lọ́wọ́ rẹ̀ bí àdàbà,
wọ́n fò kọjá oko ẹ̀gẹ́, ó di ọ̀nà Ìbòdì.
Jímọ̀ sáré tẹ̀ lé wọn.
Ìwé kan ṣoṣo ló mú bọ̀:
ìwé ẹ̀rí iná mànàmáná ẹnì kan tí a ò mọ̀.

Bí ẹ bá pàdé wa, ẹ bi wá ta ló borí lọ́jọ́ náà,
ẹni méje ni ẹ ó kí kú oríire.
Jímọ̀ nìkan ló mọ iye tirẹ̀ gan-an.
Kí n tó bọ́ bàtà,
ó ti lóṣòó sídìí mọ́tò mi.