Ẹsẹ̀ Fíríìjì

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kọ orúkọ aláìsàn
sínú ìwé ńlá ilé ìlera wa ní Gbódòfọn, l'Óṣogbo.
Láyé ọjọ́sí, bí Okúdù bá ti wọlé,
n ó fa ìlà sílẹ̀ de ibà.
Bí Ògún bá dé, òjò á sinmi díẹ̀,
ẹ̀fọn á sinmi, èmi náà á sinmi.

Lọ́dún yìí, òjò ò mọ orúkọ oṣù mọ́.
Ó fo Igbe, ó fo Ẹ̀bìbí,
ilẹ̀ là bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀.
Bàbá Alímì tó ń rán bàtà dákú sídìí iṣẹ́ lọ́sàn-án gangan,
ooru ló mú un, kì í ṣe ẹbi.
Àfi òru ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú Owewe
tí òjò san gbogbo gbèsè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.
Odò Ọ̀ṣun gun òkè wá kí wa nílé,
omi tó rí bíi tíì onímílíìkì
(wọ́n ní àwọn tó ń wa góòlù lókè odò ló rò ó bẹ́ẹ̀).
Ó wọ kànga Ìyá Sífáwù,
ó mú ṣáláńgá àdúgbò pàdé ìkòkò ọbẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, mo fa ìlà títí bírò fi gbẹ.
Ìgbẹ́ gbuuru. Ibà. Ìgbẹ́ gbuuru.
Mùbáràkátù, ọmọ ọdún méjì. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì:
ìgbà tí wọ́n gbé e wọlé,
àti ìgbà tí wọ́n gbé e jáde.

Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́ wá láti sẹkitéríátì,
ìwé lọ́wọ́, ojú ewé méjìlélọ́gọ́rin:
Ètò Ìjọba lórí Ojú Ọjọ́ Tó Ń Yí Padà.
Mo kà á tán. Mo rí igi gbíngbín,
mo rí iná oòrùn, mo rí owó òkè òkun.
Mo wá ibà, n ò rí i.
Mo wá kànga.
Mo wá ọmọ ọdún méjì.

Ó ní ilé iṣẹ́ mìíràn ló ni ọ̀rọ̀ ìlera.
Mo ní, ṣé òjò mọ̀ pé ilé iṣẹ́ méjì ni?

Kò dáhùn. Ó ń ṣí ìwé ńlá mi wò,
ìka rẹ̀ dúró lórí orúkọ kan, ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò.
Ó ní kí n kọ ọ́ fún òun, òjò lápá kan, ibà lápá kejì.
Mo kọ ọ́. Ó mú un lọ. Ó ti di ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Ìwé tiẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ mi.
Ilẹ̀ yàrá abẹ́rẹ́ àjẹsára ti rì lápá ọ̀tún,
fíríìjì ń mì bí ọ̀mùtí.
Mo ki ojú ewé méjìlélọ́gọ́rin bọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀,
ó dúró.
Ká má parọ́, ó ti wúlò fún ìlera nìyẹn.

Òjò tún ti ṣú lápá Òkè-Baálẹ̀.
Mo ń fa ìlà sílẹ̀. N ò ka iye rẹ̀.