Ohùn Kan Ṣoṣo

Nísàlẹ̀ ilé wa ní Pẹ́ẹ̀mù, nídìí páìpù omi gbígbóná,
níbi tí wọ́n ti ń kó ọ̀dùnkún pamọ́ tẹ́lẹ̀,
tẹlifíṣọ̀n kan wà, ẹ̀rọ fídíò kan, ogójì àga.
Rúbù kan lowó ìwọlé.
Èmi ni mo ń gbà á. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí.

Bàbá mi, Yẹfíìmù, ni ohùn.

Gbogbo fíìmù tó bá ti òkèèrè dé, òun ni.
Òun ni olè, òun ni ọlọ́pàá tó ń lé e,
òun ni ìyàwó tó ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà,
òun náà ni ọkọ tó ń purọ́ fún un.
Ajá nìkan ló ń gbó fúnra rẹ̀.
Ohùn imú ni, kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀,
bí ẹni tó ń ka mítà iná.
Síbẹ̀ mo rí àwọn obìnrin ilé iṣẹ́ wáyà
tí wọ́n ń nu ojú nínú òkùnkùn.

Lọ́sàn-án, kì í sọ̀rọ̀.
Ó ń tò fún ṣúgà: nọ́ńbà igba ó lé mẹ́rìnlá
tí wọ́n fi báírò kọ sí i lẹ́yìn ọwọ́.
Ẹnì kan bi í pé, "Kí ni wọ́n ń tà níwájú?"
Ó ní, "Ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú mi ni mo rí."
Nínú ilé, màmá mi Kílárà ń rán àmì òkèèrè
mọ́ ṣòkòtò tí wọ́n rán ní òpópónà kejì.

Lọ́jọ́ tí tẹlifíṣọ̀n ìjọba ń fi oníjó hàn láti àárọ̀ dalẹ́,
tí ẹnikẹ́ni ò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mọsíkò,
èrò pọ̀ débi pé mo ta àtẹ̀gùn.
Kì í ṣe fíìmù ni wọ́n wá wò.

Oṣù Kejìlá wá dé. Páìpù ń kérora.
Nínú fíìmù alẹ́ ọjọ́ náà wọ́n mú amí kan,
ọ̀gá ọlọ́pàá lu tábìlì:
"Orílẹ̀-èdè wo lò ń ṣiṣẹ́ fún?"
Ẹnu amí ṣí. Ó dárúkọ wa.
A gbọ́ ọ ní èdè tiwọn, gbogbo wa,
a yíjú sí bàbá mi.
Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ.
Ó wúkọ́. Ó yí wáyà gbohùngbohùn mọ́ ìka.
Ìyá àgbà kan láti ẹ̀yìn ní,
"Yẹfíìmù, máa sọ ọ́ lọ, à ń gbọ́."
Ó fò ó, ó sọ ìlà tó tẹ̀lé e.

Mo ka owó: rúbù mẹ́tàdínlógójì.
Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, kò ra kìlò ẹran kan.

Lókè, ní kíṣìnì, màmá gbé tíì sílẹ̀.
Bàbá mi wo ife náà,
ó sì fi ohùn imú yẹn sọ̀rọ̀ fúngbà àkọ́kọ́ nínú ilé wa:
"Obìnrin náà ní, ṣúgà ti tán.
Ọkùnrin náà ní, kò burú."