Kọ́kọ́rọ́ Mọ́kànlá

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo fa dúrọ́ọ̀ bàbá mi yọ
ní Brádífọ́ọ̀dù, yìnyín ń bọ́ lójú fèrèsé:
kọ́kọ́rọ́ mọ́kànlá,
kò sí ti ilé wa níbẹ̀.

Ogójì ọdún ló fi dí páìpù tó ń jò.
Ó rí ìgò ọtí lẹ́yìn táńkì,
ó rí lẹ́tà agbowó-orí tí wọn ò ṣí,
ẹnu tirẹ̀ ò jò.

Mo ń dá wọn padà láti ojúlé dé ojúlé.
Ẹ́díná, arúgbó orí òkè, kò gbà á.
Ó pa ọwọ́ mi dé lé e:
"Ọmọ Adéṣípẹ̀ ni ọ́, àbí?
Mú un dání."

Èmi tí n ò mọ̀yàtọ̀ sípánà àti ṣíbí!
Kọ́kọ́rọ́ kan péré,
ó wúwo ju pósí tí a gbé lánàá.