Ìlẹ̀kùn Ọgbà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo máa ń lọ sọ́dọ̀ Eskild ní Lemvig,
èmi àti àpò páálí mi, àti ṣíbí kan.
Rọpárọsẹ̀ ti gba apá ọ̀tún rẹ̀,
ó sì mú ẹnu dógò.

Ogójì ọdún ó lé ló fi to lẹ́tà òjé fún ìwé ìròyìn,
ọkùnrin tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń ṣẹ́
bí alápatà ṣe mọ oríkèé eegun.
Èdè tiwa kì í fi àlàfo sílẹ̀:
a ó so ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀
títí yóò fi gùn ju ìlà lọ,
kí ẹni tó ń tò ó wá ibi tí yóò gé.

"Fyr-pas-ser-bo-lig," ni mo wí. Ṣíbí lu ife lẹ́ẹ̀marùn-ún.
Ilé ẹni tó ń ṣọ́ iná etíkun.
Eskild lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, ó sinmi, ó ní, "Bo."
Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ra-bar-ber-mar-me-la-de:
méje ni lórí ìwé, ta ló ń pe méjèèje?
Àwa ará ibí, a máa ń gbé ìrù ọ̀rọ̀ mì.
Tí a bá pe oòrùn, sol, ọ̀fun á há díẹ̀
bí ẹni tó fẹ́ ṣe òsúkè tó pa á mọ́ra;
ṣùgbọ́n so sol mọ́ òmíràn, kó di ìtànṣán,
ọ̀fun á tú u sílẹ̀.
N kò mọ ìdí rẹ̀. Bóyá ohun tó bá ní ẹnìkejì
kì í há.

Mo gbé páálí tó kàn sókè: havelåge.
Have ni ọgbà, låge ni ìlẹ̀kùn rẹ̀.
Ó wò ó pẹ́.
"Hav," ó wí. Òkun nìyẹn.
Mo ní, "Rárá o, bàbá, ẹ má gé e síbẹ̀ —"

Gudrun tó ń bó ọ̀dùnkún lẹ́bàá fèrèsé
bú sẹ́rìn-ín, ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta rèé. Ìpolówó ilé ni,
ilé kékeré tó ní ìlẹ̀kùn ọgbà.
Ìlà ò gbà á. Ọmọkùnrin kan gé e ní hav,
ìyókù bọ́ sísàlẹ̀.
Ojú ò ràn mí dé ìsàlẹ̀, ìkánjú pọ̀.
Láti Viborg ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin wá wo ilé tó ní òkun.
Mo bá igi ápù. Mo bá àwọn adìyẹ aládùúgbò.
Mo bá ìlẹ̀kùn kan tí ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí.
Inú bí mi, mo gba ilé iṣẹ́ wọn lọ, mo béèrè:
ta ló jẹ mí ní òkun?"

Eskild fi ọwọ́ òsì mú ṣíbí.
Ó lu ife lẹ́ẹ̀kan, ó wo ìyàwó rẹ̀.
"Hav-"

"elåge," ni Gudrun wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá ọ̀bẹ.

Nínú ìwé mi, àyè kan wà fún àṣìṣe.
Mo fi í sílẹ̀ lófìfo.