Irinwó Lé Mẹ́tàlá

Wọ́n kọ nọ́ḿbà mi sára páálí,
wọ́n fi rọ́bà so ó mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́.
Irinwó lé mẹ́tàlá.
Ọmọbìnrin tó ń kọ ọ́ kò gbójú sókè.
Mo ní, "Ọmọ mi, Àsímáù Àjíún ni wọ́n ń pè mí,
ìyàwó Gbádéró oníbàtà, létí afárá n'Ísàlẹ̀ Ọ̀ṣun."
Ó ní, "Mọ́mì, nọ́ḿbà yín ni kẹ́ ẹ má gbàgbé."
N ò gbàgbé. Kí ló kù lọ́wọ́ mi tí mo tún lè sọ nù?

Omi náà kò béèrè orúkọ lóru ọjọ́ yẹn.
Ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bí ológbò,
ó lá ẹsẹ̀ ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ń rẹ́rìn-ín lójú oorun;
kí n tó rí ìṣáná, ó ti mù mí dé orókún.
Àwa tá a ń kí i ní "omi tútù, abiyamọ" lọ́dọọdún,
àwa tá a mọ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn àti lójò!
Ó kó ṣọ́ọ̀bù Gbádéró lọ pátá.
Nígbà tó fà, bàtà ẹsẹ̀ òsì mọ́kànlá la ṣà nínú ẹrẹ̀.
Ti ọ̀tún ń bẹ níbi tí odò ń lọ.

Ilé ìwé ni wọ́n kó wa sí, l'Ókè-Baálẹ̀.
Kíláàsì kún, àgọ́ tapólì kún pápá bọ́ọ̀lù,
ó kù díẹ̀ ká tó ẹgbẹ̀ẹ́dógún.
Ìṣirò ọjọ́ tí wọ́n ti ilé ìwé pa ṣì wà lójú pátákó:
Pín ọsàn mẹ́rìnlélógún fún ọmọ mẹ́fà.
Lágbayì, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, gbé ṣọ́ọ̀kì lábẹ́ ẹ̀:
àpò ìrẹsì méje, ẹnu ẹgbẹ̀ẹ́dógún.
Ó pín in, ó pín in, ṣọ́ọ̀kì tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni táńkà omi ń dé.
Kẹ́ẹ̀gì ló ń tò, èèyàn a lọ jókòó sábẹ́ máńgòrò.
Mo fi ìṣẹ́tí ìró pupa so tèmi kí n lè dá a mọ̀.
Lánàá ẹnì kan sún un sẹ́yìn ní ipò mẹ́ta,
a fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ara wa láṣọ.
Omi lé wa nílé, omi náà la tún ń jà sí.

Ṣáláńgá mẹ́rin. Lóru, obìnrin kì í dá lọ.
A máa ń jí ara wa, a ó fi tọ́ọ̀ṣì kan ṣe mẹ́ta,
a ó máa wúkọ́ kí ẹni tó bá fara pamọ́ mọ̀ pé a pọ̀.

Àwọn tó gbé ẹní àti ọṣẹ wá ya fọ́tò.
Wọ́n ní ká rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún ní kó má pọ̀ jù.

Nọ́ọ̀sì Morádékẹ́, ilé tiẹ̀ náà wà lábẹ́ omi ní Gbọ̀nmi,
orí tábìlì tó fi ń yẹ̀ wá wò ló ń sùn.
Oògùn ibà tán lọ́jọ́ kẹta;
ó ń fi ọwọ́ tútù lé wa níwájú orí,
ó ní òun mọ̀ pé kì í ṣe oògùn.
Òun ló gbẹ̀bí Múlíkátù, lábẹ́ ìṣirò ọsàn.
Ọmọ kò tíì lo ọjọ́ kan láyé tí páálí fi dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀:
ẹgbẹ̀ẹ́dógún géérégé.
Bàbá ẹ̀ ní orúkọ di ọjọ́ kẹjọ.
Páálí kò dúró dọjọ́ kẹjọ.

Gbádéró rí táyà ọkọ̀ kan he lẹ́yìn ilé ìdáná,
ó ń gé ẹsẹ̀ ọ̀tún fún òsì mọ́kànlá.
Wọn ò bára mu. Ẹni tó bá gba ọ̀kan a máa tiro díẹ̀,
ṣùgbọ́n kò fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀ mọ́.

Láàárọ̀ yìí wọ́n pè látinú gbohùngbohùn:
"Irinwó lé mẹ́tàlá!"
Mo ti dáhùn kí n tó mọ̀ pé mo dáhùn.
Mo gbé abọ́ mi, mo lọ.
Àárín ọ̀nà ni ẹ̀rù ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bà mí,
mo dúró, mo rọra pe ara mi: Àjíún.
Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó jẹ́.