Ẹja Kì Í Wúkọ́

Aago méje àárọ̀ ni mo dé etí Ṣókòrí,
níbi tí gọ́tà Ìtòkú ti ń bọ́ sódò.
Omi náà dúdú lọ́jọ́ Ajé, ó pọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
lónìí, àwọ̀ tí mi ò ní orúkọ fún.
Bàbá Ṣóbándé tẹ́ àwọ̀n rẹ̀ sórí àpáta,
ó ní, "Ọmọ yunifásítì, mẹ́ta péré ni mo rí mú.
Wò ó, ara wọn ń dán.
Kí lo tún fẹ́ wá nínú wọn?"

Mi ò dá a lóhùn. Ẹja kì í wúkọ́.
Ta ló rí òógùn lára ohun tó ń gbé inú omi?

Ní Àlàbàtà, mo fi abẹ́rẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ àrọ̀ náà,
ẹ̀kán kan, kò tó omijé ọmọ ọwọ́.
Mo tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, mo rẹ ẹ́ láró bí wọ́n ṣe kọ́ wa.
Aró ni mo fi ń wá ohun tí aró bà jẹ́.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ funfun inú ẹ̀jẹ̀,
àwọn tó yẹ kó yí àjèjì ká, kí wọ́n gbé e mì káló:
mo ka ogún níbi tó yẹ kí n ka ọgọ́rin.
Òmíràn wú bí ẹni tó sùn sínú òjò,
òmíràn ti ya létí,
ọ̀kan dúró ti kòkòrò àrùn, ó ń wò ó,
kò dá a mọ̀ ní ọ̀tá mọ́.
Àgbà ní orí ni ẹja ti ń rà.
Òótọ́ ni. Ẹ̀yìn orí gan-an, nínú kíndìnrín iwájú,
ni wọ́n ti ń bí àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí;
ibẹ̀ ni májèlé yà sí.

Mo kọ iye wọn. Mo kọ déètì.
Ó ku ibi tí wọ́n ní kí n kọ orísun ìdọ̀tí.
Bírò mi dúró.

Ìkòkò kẹta láti ẹnu ọ̀nà, lágboolé wa ní Ìtòkú,
ìyá mi ló ni ín.
Sóódà jó o níka méjì lọ́dún tí mo wọ yunifásítì.
Kámpálà kan lẹ́yìn òmíràn, ó san owó ìwé mi tán.
Nírọ̀lẹ́, á gbé bàsíà omi aró sí ìbàdí,
á dà á sí gọ́tà, á ní, "Odò á gbé e lọ."
Lánàá, bó ti ń fọ ọwọ́ tí kì í mọ́, ó bi mí:
"Àwọn ẹja rẹ ńkọ́, ṣé ara wọn yá?"

Ó gbé ọbẹ̀ síwájú mi.
Àrọ̀ ni, láti Láfẹ́nwá.
Mo jẹ ẹ́.